Iná Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Tàn Kò Burú Tó Gílóòbù Tí Wọ́n Yọ

  

Ọ̀rọ̀ iṣu, àgbàdo, kaṣú àti ẹ̀gẹ́ lẹ fi mọ àwa ará ágíríìkì. Ọ̀rọ̀ mọ́tò la gbé wá lónìí, kò sì túmọ̀ sí pé a ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wa. Iṣu tó ta dáadáa lóko, tó wá wà nínú oòrùn lójú títì fún ọjọ́ méjì nítorí ọkọ̀ tó kú, àdánù ni bí èyí tí kòkòrò jẹ. Tòmátò àti ata rodo ò tiẹ̀ ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà wa níbí sì rèé, igbó Old Oyo National Park wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò sí ìyá ọlọ́jà tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun àti ẹrù òun nínú igbó nídìí mọ́tò tó kọ̀ tí kò lọ.

Iná kékeré kan ló mú wa kọ èyí. Iná yẹ́lò tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, tàbí tí wọ́n kọ CHECK ENGINE sí, lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọkọ̀ tí àwa fúnra wa ń wọ̀ lọ sóko kiri, èyí tí iná yìí kò tàn nínú rẹ̀ kò pọ̀. Tí a bá béèrè, ìdáhùn kan náà ni: "Ẹ má dá a lóhùn jàre, ó ti pẹ́ tó ti ń tàn. Mọ́tò ń lọ." Èyí tó tún wá burú jù ni ọkọ̀ tí iná náà ò tàn rárá, tí a wá rí i pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí wọ́n ti fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ lójú pa.

Èrò tiwa la fẹ́ sọ, a ò sì ní fi igbá kan bọ̀kan nínú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ra ẹ̀yà kankan sára mọ́tò nítorí iná yìí láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ ka kóòdù rẹ̀, tí wọ́n sì ti yẹ ibi tí kóòdù náà ń nàka sí wò. Ẹni tó bá sì yọ gílóòbù náà, ẹ má gbé ẹrù yín sínú ọkọ̀ rẹ̀ títí yóò fi dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó gbé iná yìí síbẹ̀ ná. Kì í ṣe dírẹ́bà ni wọ́n dìídì ṣe é fún níbẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, èéfín mọ́tò pọ̀ nígbà kan débi pé ojú ọ̀run ìlú Los Angeles ń ṣú bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bò wá mọ́lẹ̀ níbí. Ìjọba wọn wá pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà inú mọ́tò máa ṣọ́ bí epo ṣe ń jó àti èéfín tó ń jáde, kó sì tan iná tí nǹkan bá yí padà. Láti ọdún 1996, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ ní ètò kan náà tí wọ́n ń pè ní OBD-II: ihò kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ní ojú 16, kóòdù kan náà láìka ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí. Ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2001 fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, 2004 fún ti dísẹ́ẹ̀lì. Torí náà Sienna, Camry tàbí Corolla tọ́kùnbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá láti 1996 síwájú, gbogbo wọn ló ní in. Golf 3 àtijọ́ lè máà ní in. Massey Ferguson 375 tí ẹ fi ń túlẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà kankan, ẹ má wulẹ̀ wá ihò lára rẹ̀.

Ibi tí àwọn mẹkáníìkì kan ti rí ẹnu wí nìyẹn. Wọ́n ní, "Iná òyìnbó ni, èéfín ló ń bá jà, kò kan ẹ́ńjìnnì." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, a ò ní jiyàn. Tí ìdérí táǹkì epo kò bá dé dáadáa, tí òórùn epo ń jò jáde, kọ̀ǹpútà lè tan iná pẹ̀lú kóòdù P0455 tàbí P0442. Ọkọ̀ yẹn á dé Ìbàdàn, á tún padà. Tí catalyst bá ti rẹ̀, P0420 á jáde, ọkọ̀ lè máa rìn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí ẹni tó ń yẹ èéfín wò lójú títì wa bí ti Amẹ́ríkà. A ò ní parọ́ fún yín pé mọ́tò á kú lọ́la.

Ṣùgbọ́n kí ló ń mú èéfín yí padà? Epo tí kò jó bó ṣe yẹ ni. Epo tí kò jó, owó yín ni, sáílẹ́ńsà ló ń gbà jáde. Nígbà tí lítà kan ṣì wà lábẹ́ igba náírà, ẹ lè sọ pé ẹ ò rí i. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí. Kí 2024 tó parí, lítà kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà. Owó epo yìí, orí iṣu ni dírẹ́bà máa ń kó o lé. Ìyá tó ń ra iṣu náà á kó o padà sórí àgbẹ̀. Iná kékeré tí ẹ ní kò kàn yín, ó ti wọ inú iye tí wọ́n ń dá lé iṣu yín lóko.

Èyí tó tún jù ú lọ nìyí. Iná kan ṣoṣo ni, àmọ́ ohun tó lè tàn án ju ọgọ́rùn-ún lọ. Tó bá ti ń tàn láti ọdún tó kọjá nítorí ìdérí táǹkì, lọ́jọ́ tí rọ́bà afẹ́fẹ́ bá ya, tàbí tí pọ́ǹpù epo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, kò sí iná kejì tó máa tàn láti sọ fún yín. Ajá tó ń gbó tọ̀sán-tòru, ta ló máa jí sí i lọ́jọ́ tí olè bá dé? Bí kóòdù tó wà nílẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ èyí tí kò léwu, ó yẹ kí ẹ pa á kúrò níbẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ti èyí tó léwu.

Ẹ wo bí àwa ṣe ń ṣe lóko. Tí ewé àgbàdo bá ń di yẹ́lò, a kì í kàn sọ pé ẹ lọ ra oògùn. A máa wò ó bóyá ewé ìsàlẹ̀ ni tàbí ewé tuntun lókè. Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, tí yẹ́lò náà bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé tó ń gba àárín wọlé, yúríà ló ń wá. Tó bá jẹ́ ilà tín-ín-rín funfun lórí ewé tuntun, àìsàn tí kòkòrò kékeré ń gbé kiri ni, ẹ lè da àpò yúríà mẹ́wàá sí i, kò ní wò ó. Nígbà tí kòkòrò fall armyworm wọ Nàìjíríà ní 2016, a rí àwọn tó ń fọ́n oògùnkóògùn tó bá ti wà nínú ilé, owó wọn lọ, kòkòrò wà nínú àgbàdo, ó ń jẹun. Yẹ́lò ara ewé ni àmì. Yẹ́lò ojú dáṣíbọ́ọ̀dù náà, àmì ni. Kí ló dé tí ẹni tó máa ń gé ewé wá hàn wá kó tó ra oògùn ò lè ní sùúrù kan náà fún mọ́tò tó gbówó lórí ju oko rẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kí ẹrù tó wọ ọkọ̀, ẹ ní kí dírẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kó má tíì sítáàtì. Iná ọ́ìlì, ti bátìrì àti ti ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó tàn. Tó bá sítáàtì tán, ó yẹ kí gbogbo wọn kú. Tí ti ẹ́ńjìnnì kò bá tàn rárá nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, yálà gílóòbù ti jó tàbí ẹnìkan ti yọ ọ́, méjèèjì ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè. Àwọn riwáyà kan tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀: wọ́n á so iná ẹ́ńjìnnì mọ́ iná ọ́ìlì, kó máa tàn, kó sì máa bá a kú bí ẹni pé kò sí nǹkan. Irú ìyẹn, skánà nìkan ló lè tú àṣírí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tọ́kùnbọ̀ sílé, ẹ fetí sí èyí dáadáa.

Ẹ tún mọ̀ pé iná pupa àti iná yẹ́lò kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Iná pupa ti ọ́ìlì, tàbí ti ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná jù: ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ì báà jẹ́ pé ẹ ti rí ìlú níwájú. Yẹ́lò ẹ́ńjìnnì tó tàn tó dúró jẹ́ẹ́: tí ọkọ̀ kò bá yí ohùn padà, tí agbára rẹ̀ kò sì dín, ẹ lè rọra délé, àmọ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yẹn. Yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú, tí mọ́tò sì ń gbọ̀n, ẹjọ́ míì nìyẹn. Sìlíńdà kan ń tàsé, kò jó epo rẹ̀, ó ń tu epo tútù sínú sáílẹ́ńsà. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ lórí epo, ẹ wá ibi tó dáa dúró sí.

Ibi tó dáa la wí o. Inú catalyst tí ara rẹ̀ dá gan-an máa ń gbóná ju 400 dígíríì Celsius lọ lẹ́nu iṣẹ́. Tí epo tí kò jó bá wá ń wọ ibẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa jó, ó sì lè pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Ẹ wá rò ó wò, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nínú oṣù Kìíní, tí dírẹ́bà gbé e dúró lórí koríko gbígbẹ lábẹ́ igi kaṣú nítorí pé ẹ fẹ́ kó ẹrù. Gbogbo ìgbà tí iná bá jó oko lásìkò ọyẹ́ la máa ń sọ pé ọdẹ ni, tàbí pé darandaran ni. Ẹ máa wo abẹ́ mọ́tò náà. Ẹ ro ojú ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí lóko mọ́ dáadáa, kó má ní koríko, ì báà jẹ́ pé iná kankan kò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ skánà. Èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ pẹ̀lú Bluetooth kéré bí àpótí ìṣáná, ẹ ó kì í bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ó wa áàpù bíi Torque sórí fóònù, yóò sì ka kóòdù jáde. Níbi tí a ti béèrè, owó rẹ̀ kò tó ti àpò ajílẹ̀ kan. Ayédèrú pọ̀ níbẹ̀, ẹ dán an wò lára ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí kóòdù bá jáde, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà tún máa ń tọ́jú bí ọkọ̀ ṣe wà lásìkò tí iná tàn: bó ṣe ń sáré tó, bó ṣe gbóná tó. Tí wọ́n bá pa kóòdù rẹ́, ìyẹn náà lọ. Àwọn tó ń yọ orí bátìrì "kí iná lè kú" ń nu ẹ̀rí nù ni. Iná náà á padà tó bá rìn díẹ̀, ẹ̀yin á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Kóòdù kì í sọ ẹ̀yà tó bàjẹ́. Àdúgbò ló ń sọ, ẹ̀yin lẹ máa wá ilé náà rí. Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣègbé. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ ní apá kan ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì á gbọ́ pé oxygen sensor ló ròyìn rẹ̀, á ní kẹ́ ẹ ra oxygen sensor. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ sáré wálé wá sọ pé ewúrẹ́ ń jẹ iṣu, tí a wá na ọmọ náà.

A mọ Sienna kan tó ń kó iṣu láti apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Iná rẹ̀ tàn fún bí ọdún kan. Wọ́n pààrọ̀ oxygen sensor méjì, iná kú, ó padà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní plọ́ọ̀gì ni. Ẹ́ńjìnnì Sienna yẹn ní plọ́ọ̀gì mẹ́fà, mẹ́ta wà níwájú níbi tí ọwọ́ ti tó o, mẹ́ta yòókù fara pamọ́ sẹ́yìn lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, èèyàn gbọ́dọ̀ tú nǹkan kó tó rí wọn. Mẹ́ta iwájú ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n sì gba owó mẹ́fà. (Ẹ̀yin tó ní Sienna, ẹ máa gba plọ́ọ̀gì àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kẹ́ ẹ kà á.) Wọ́n tún ní pọ́ǹpù epo ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tó ń bà wá lẹ́rù jù lẹ́nu mẹkáníìkì: brain box ló bàjẹ́.

Kí ó tó ra brain box, ẹnìkan fi skánà kà á dáadáa. Kóòdù méjì ló wà níbẹ̀, P0171 àti P0174, ìyẹn ni pé apá méjèèjì ẹ́ńjìnnì ni afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Sẹ́ńsọ̀ méjì kì í sábà bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Tí apá méjèèjì bá ń sunkún ẹkún kan náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti jọ ń mí. Rọ́bà ńlá tó gbé afẹ́fẹ́ láti ilé fíltà wọ ẹ́ńjìnnì ti ya lábẹ́, níbi tí ojú kò dé. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ó wọlé. Kí ló ya á? Ẹ́ńjìnnì síìtì kan ti kú, ẹ́ńjìnnì ń jù síwá sẹ́yìn nínú kòtò títì wa, ó ń fa rọ́bà náà lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá pààrọ̀ rọ́bà nìkan, yóò tún ya. Wọ́n ṣe méjèèjì, iná kú. Owó rọ́bà àti síìtì yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ti ná tẹ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ìyẹn, kò sẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó ju tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rọ́bà náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun tí a sábà ń bá pàdé lápá ọ̀dọ̀ wa níbí kò pọ̀ jù, ẹ lè mọ̀ ọ́n. Erùpẹ̀ pupa ni àkọ́kọ́. Lásìkò ọyẹ́, fíltà afẹ́fẹ́ máa ń dí kíá, àwọn míì á wá yọ ọ́ sọnù pátápátá pé kí mọ́tò lè mí. Erùpẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, á sì wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ìkejì ni thermostat. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló ń yọ ọ́ dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, ti òyìnbó ni. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní thermostat kì í móoru tó, kọ̀ǹpútà á máa rò pé àárọ̀ ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì, á máa da epo lé epo. P0128 ni kóòdù rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín bóyá ó ti yọ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé mọ́tò ń gbóná jù ló fi yọ ọ́, rádíétọ̀ tàbí fáànù ló yẹ kó wò.

Epo náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ rántí oṣù Kejì 2022, nígbà tí àjọ NMDPRA fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé epo tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ Nàìjíríà, tí wọ́n ń kó o kúrò nílẹ̀, tí ìlà sì gùn nílé epo. Methanol máa ń fa omi mọ́ra, kì í sì í jó bíi bẹntiróòlù, ó lè mú kí P0171 jáde láìsí ohun kan tó bàjẹ́ lára mọ́tò. Ti kẹ́ẹ̀gì tiwa náà wà. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá 2019 pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà, àwọn èèyàn wa tó wà lọ́nà Benin mọ epo kẹ́ẹ̀gì bí ẹni mọ owó. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi rọ omi láàárọ̀, tí wọ́n fi rọ epo lọ́sàn-án, ẹ má bínú tí mọ́tò bá ń tàsé. Tí iná bá tàn ní kété tí ẹ ra epo síbì kan, ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra plọ́ọ̀gì.

Eku náà wà. Ọkọ̀ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká àgbàdo, eku á wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á jẹ wáyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ lọ wò ó.

Catalyst la fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gidi lé lórí. Inú rẹ̀ ni platinum, palladium àti rhodium wà, rhodium yìí sì wọ́n ju góòlù lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kiri ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì láti rà á. Wọ́n á sọ fún yín pé ó ti dí, pé ó ń fa mọ́tò sẹ́yìn. Ó lè dí lóòótọ́, pàápàá tí ẹ bá ti jẹ́ kí iná ṣẹ́jú fún oṣù mẹ́ta. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ béèrè ta ló máa gbé e lọ, èló sì ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, P0420 á tàn, kò sì ní kú mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá yọ gílóòbù. Ṣé ẹ rí bí ọ̀rọ̀ ṣe so mọ́ra?

Tó bá jẹ́ kóòdù P0301 títí dé P0306 ni, nọ́ńbà ìparí ń sọ sìlíńdà tó ń tàsé. Lára mọ́tò tí kọ́ìlì rẹ̀ wà lórí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ẹ má tíì ra kọ́ìlì. Ẹ ní kí wọ́n yọ kọ́ìlì sìlíńdà kìíní sórí ìkejì, ti ìkejì sórí ìkíní, kí wọ́n pa kóòdù rẹ́, kí ọkọ̀ rìn. Tí kóòdù bá di P0302, kọ́ìlì ló bàjẹ́, ó bá ara rẹ̀ lọ. Tó bá ṣì jẹ́ P0301, kọ́ìlì kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ wo plọ́ọ̀gì, wáyà àti ojú tó ń fọ́n epo. Àyẹ̀wò yìí kò ná yín ju owó iṣẹ́ lọ.

Owó iṣẹ́ yìí gan-an ni wàhálà wa, ibẹ̀ sì ni àwa ò ti ní dá mẹkáníìkì nìkan lẹ́bi. Ta ló ń sanwó fún mẹkáníìkì pé ó wá nǹkan rí? Tó bá lo wákàtí méjì lórí mọ́tò yín, tó sọ pé rọ́bà ló ya, ẹ ó fún un ní owó gààrí. Tó bá sọ pé ẹ ra sẹ́ńsọ̀, ó rí èrè tiẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ náà. Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó, èwo lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Àfi ká gbà pé wíwá àìsàn rí, iṣẹ́ ni, ó ní owó tirẹ̀ kí ẹ̀yà tó dé. Ẹ bá a dá iye lé e, ẹ san án, bí kò bá tiẹ̀ sí ohun tí ẹ rà. Àmọ́ ẹni tó kàn ki skánà bọ ọkọ̀, tó tẹ bọ́tìnnì tó pa kóòdù rẹ́, tó gba owó yín, ìyẹn ò wá nǹkan kan. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ lára ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, áàpù á fi hàn pé àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà kò tíì parí. Ẹ ní kí wọ́n wà á fún ọjọ́ mélòó kan ná.

A mọ ohun tí ẹ̀yin dírẹ́bà máa sọ. Ẹ ní mọ́tò kì í ṣe tiyín, olówó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ó ń retí owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, bí ọkọ̀ bá sùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọjọ́ méjì, ẹbí yín ni kò ní jẹun. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé owó àyẹ̀wò yìí, orí olówó mọ́tò ló yẹ kó wà, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ àdéhùn yín. Ẹ ya fọ́tò iná àti kóòdù ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lọ́jọ́ tó bá tàn. Tó bá ní kẹ́ ẹ máa wà á lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà lẹ lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó bá tiẹ̀ dà bí ẹni pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Ẹrù yín ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tàbí ẹgbẹ́ aláta kan lè dá owó ra skánà kan, kí ọmọ tó mọ fóònù dáadáa láàárín yín máa lò ó. Ẹ ní ìwé kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń kó ẹrù yín: ọjọ́ tí iná tàn, kóòdù tó jáde, ohun tí wọ́n ṣe, bóyá ó padà. Irú ìwé tí a ní kẹ́ ẹ máa ní fún oko náà ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀yin fúnra yín á mọ ọkọ̀ tó yẹ kó kó tòmátò àti èyí tó yẹ kó máa kó ẹ̀gẹ́ gbígbẹ.

Tiwa á wà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù. Kíkà rẹ̀ kò gba owó. Ẹni tí kò bá lè wá, kó kọ kóòdù rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, pẹ̀lú irú mọ́tò, ọdún rẹ̀, ẹ̀yà tí ẹ ti pààrọ̀ àti ibi tí ẹ ti ra epo kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ orí bátìrì kẹ́ ẹ tó wá o.